Nígbà Tí Mo Sọ Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Ń Ṣe Lára Mi

Ògo ni fún Ẹni tó gbé apá mi sókè! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yìn ín! Àyà mi ń já bí mo ṣe dúró yìí. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, ayọ̀ wà níbẹ̀, ìtìjú díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn. Egungun kankan kò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Olúwa, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún mi kò gòkè kọjá èjìká mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé ìwé kan ní Ayétòrò fẹ́ gbà mí síṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí wọ́n dán mi wò, ọ̀gá ibẹ̀ rí i pé ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ni mò ń kọ̀wé sí.

Wọ́n ní, "Àǹtí, ṣé àwọn ọmọ á máa dọ̀bálẹ̀ kà á ni? Tí apá yìí ò bá gòkè kí ilé ìwé tó wọlé, ẹlòmíì ni n ó gbà o."

Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn. N ò kàn mọ ohun tí mo lè fi ojú mi ṣe ni.

Màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan ní Ìlaròó, tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àwọn ará Ṣáínà wo ara ríro. Kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n á gún un sára, wọ́n á sì rọra máa yí i. Dókítà bi mí pé, "Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́ níbẹ̀?"

Ẹ mọ̀ wá, àwa kì í fẹnu ara wa jẹ́wọ́ àìsàn. Mo ní, "Ara mi ti dá, Mà." Màmá mi ní, "Àmín!" Bẹ́ẹ̀ ni a ń lọ tí a ń bọ̀, apá kò gòkè. Ó ń ta mí bí ìjàlọ, ṣùgbọ́n mo rò pé bó bá ṣe dùn mí tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó, bí àgbo tó korò.

Lọ́jọ́ kan, omi bọ́ lójú mi.

Dókítà ní, "Ó ń dùn ẹ́, àbí?"

Màmá ní, "Kò dùn ún o! Ó ń dúpẹ́ ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mò ń bèèrè, kì í ṣe ti ìgbàgbọ́ yín. Tó bá ń ta á, n ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Kí apá rẹ̀ wúwo, bí ẹni pé nǹkan ń fà á wọnú, ni mò ń wá. Kì í ṣe bó ṣe ń dunni tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹlòmíì kì í tiẹ̀ mọ nǹkan kan lára, ara rẹ̀ á sì yá. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá sọ òótọ́, inú òkùnkùn lẹ fi mí sí."

Màmá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn. Àmọ́ má pariwo, kí àwọn tó wà níta má baà gbọ́."

Mo ní, "Ó ń ta mí, Mà." Dókítà fa abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n darí rẹ̀ síbòmíì. Apá mi wúwo lójijì, bí apá ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi láti ọ̀nà jíjìn. Mo sọ ìyẹn náà. Ẹ yin Olúwa! Ọkàn mi fúyẹ́ kí apá mi tó fúyẹ́.

N ò lè búra pé ìwúwo yẹn ló wò mí. Dókítà tún ní kí n máa fi ọwọ́ gun ògiri lọ sókè nílé, mo sì ń ṣe é. Ọlọ́run ló mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù. Èmi mọ̀ pé kí ilé ìwé tó wọlé, mo kọ orúkọ mi sí òkè pátákó, tí ọ̀gá fi ní, "Ó tó, Àǹtí, àjà kọ́ la ní kó o kọ ọ́ sí!"

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká jọ nawọ́ sókè fún un. Ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ kò bá sì lè gòkè láàárín wa, kó má bò ó mọ́lẹ̀. Kó sọ ibi tó ti ń dùn ún.