Ohun Tí Munirah Rí Lórí Ọ̀sà

Nígbà tí Ìdrís ránṣẹ́ pe ìyàwó àbúrò rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, irọ́ ti sú u. Àìsàn kíndìnrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un tán. Sọ̀fíyàt wá láti Ibeshe pẹ̀lú Munirah ọmọ rẹ̀, wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìdrís ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó bú òun, torí òun ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè.

Ó ní ìjì kọ́ ló pa Kabir àbúrò òun, bàbá Munirah. Lọ́jọ́ náà, òun àti Kabir ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja gbígbẹ láti Ọjà Olúwo lọ sí Ìkòròdú. Munirah, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, jókòó sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀. Kabir ní ẹrù ti pọ̀ jù, kí àwọn dín in kù. Òun ló kọ̀. Ẹja gbígbẹ lásán-làsàn. Nígbà tí ìjì dé, ìgbì gbá Kabir sínú omi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ ń tẹ̀, omi ń wọlé. Ìdrís gbé àjẹ̀ ìtukọ̀, ó fi ń gbá ọwọ́ àbúrò rẹ̀ títí Kabir fi jọ̀wọ́ ọkọ̀. Ọmọ náà ń wò ó.

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, Ìdrís ti kìlọ̀ fún ọmọ náà pé ìgbì ló gbé bàbá rẹ̀, kò rí nǹkan mìíràn. Nígbà tí Munirah sọ ohun tó rí fún ìyá rẹ̀, Ìdrís ní ìbẹ̀rù ló dà á lọ́kàn rú. Ìyá náà ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sì sọ ọ́ mọ́.

Munirah ti dàgbà kí ohùn kan tó bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹni tó ń pè é láti inú omi. Kì í sùn, kì í wẹ̀, ó ń fi àkísà wé ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ará Ibeshe ní ẹgbẹ́ rẹ̀ inú omi ló fẹ́ mú un lọ. Àwọn míì ní ìyá rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò san. Ìdrís ò jiyàn. Òun gan-an ló mú un lọ sílé ìwòsàn ìbílẹ̀ kan, níbi tí wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó.

Sọ̀fíyàt ló pàpà gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ibẹ̀ ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ rí nǹkan burúkú ló ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ọmọdé kò rí ẹni bá sọ lè jókòó sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó da orí rẹ̀ rú. Ó yíjú sí Ìdrís, tó bá wọn lọ.

"Bàbá, ẹ rántí dáadáa. Kí ló rí lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú?"

"Kò rí nǹkan kan, dókítà. Ó ń sùn ni."

Nígbà tí Ìdrís sọ̀rọ̀ débẹ̀, ó gbé ojú kúrò lára Munirah. Ó ní ìbẹ̀rù ló mú òun gbá ọwọ́ Kabir, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, òun jókòó rò ó kí òun tó pa á. Ó tẹ́ òun lọ́rùn kí ayé máa pe ọmọ náà ní wèrè ju kí wọ́n pe òun ní apànìyàn lọ.

Sọ̀fíyàt kò sunkún. Ó ní òun náà jẹ̀bi, òun tóun pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Munirah, tí oògùn ti mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa falẹ̀, tẹjú mọ́ Ìdrís.

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ ń gbá a, ṣé ó pè mí?"

"Ó pè ọ́. Orúkọ rẹ ló ń pè títí omi fi bò ó. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Munirah sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ pe gbogbo ẹbí," ló wí. "Ẹ sọ fún wọn pé mo rí i."

Ìdrís ní kí wọ́n bá òun mú fóònù. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Sọ̀fíyàt ló bá a wá nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́.