Èmi Ni Mo Ní Kí Olúdàpọ̀ Ṣíwájú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Wilhelmsburg nílẹ̀ òyìnbó níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu ya Oyèníkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ẹ sún mọ́ mi. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, kò sì dùn. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi kò ní í rí ọdún tuntun, òtítọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú mi jáde. Ẹ ní agídí ló pa Olúdàpọ̀ ọkọ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Ràsákì ni mo pa irọ́ náà fún yín.

Àbúrò mi ni Olúdàpọ̀, ọmọ ìlú kan náà ni wá, Lichtenberg ní Berlin ló ń gbé. Ó mọ àwọn òkè gíga ìhà gúúsù ilẹ̀ yìí bí mo ṣe mọ oko bàbá mi, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ẹnu mi ń yìn ín, ikùn mi ń bú u. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Tèmi ni pé ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ gbọ́n níwájú mi. Ní oṣù kọkànlá, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó mú mi lọ síbẹ̀. Ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan kí n so mọ́ àyà: bí yìnyín bá ya bo ẹnì kan, ẹ̀rọ tirẹ̀ yóò máa ké, ti ẹnì kejì yóò sì gbọ́ ọ. Mo ní, "Tírà òyìnbó nìyí?" Nígbà tó yíjú, mo jù ú sábẹ́ àga mọ́tò. Ó ní ká dán an wò ká tó gbéra. Mo ní, "Ṣé èmi ni ọmọ rẹ tí o fẹ́ máa yẹ ara rẹ̀ wò?" Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́tò, a gbéra.

Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà. Yìnyín àkọ́kọ́ ọdún nìyí, orí koríko ló jókòó lé, afẹ́fẹ́ ló sì gbá a jọ síbẹ̀. Kò tíì di ilẹ̀ mú." Mo bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tí kò ju orúnkún lọ? Mo ti ń gun òkè ní Ṣakí kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ. Ọmọdé ló ń la ọ̀nà fún àgbà. Ṣíwájú, ojo!" Ó wò mí. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Ó ṣíwájú. Kò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí òkè fi dún gbì, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya lulẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké lábẹ́ yìnyín, èmi kò sì ní ohun tí n ó fi gbọ́ ọ. Mo ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ kiri bí ajá. Lẹ́yìn wákàtí kan ni àwọn adóòlà ẹ̀mí dé. Ibi tí wọ́n ti hú òkú rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Ẹ dúró, èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí mo dé ilé wọn, àwọn adóòlà ti ròyìn fún Oyèníkẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ̀rọ tiyín kò sí lára yín?" Mo wo ojú opó, mo ní, "Ọkọ ẹ ló ní kí n fi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká padà, ó ní ojo ni mí." Ó ní, "Dàpọ̀? Dàpọ̀ tèmi?" Irọ́ kan náà ni mo gbé wá fún ẹ̀yin.

Oyèníkẹ́, dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè ṣe é, o jàre. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ní kí ẹ ṣíwájú sínú ikú, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, kí ẹ sì kọ̀. Hanifat ọmọ mi ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ má ṣe ní "wọ́n ní". Ẹ ní Ràsákì tó pa á ló sọ ọ́.