Jésì Balógun Kì Í Dọ̀tí

Ẹ má dá mi lẹ́kun o, ẹ̀gbọ́n Balógun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi! Èmi? Èmi ni mo ń sùn nínú gólì? Ohun tí ẹ lọ sọ fún kóòṣì nìyẹn, tó fi ní kí n má wọ pápá lọ́la, lọ́la tá a máa gbá èyí tó kẹ́yìn, tí màmá mi sì ti ní òun ń bọ̀ wá wò mí! Háà!

Odidi sáà kan la fi ń pàdánù, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ò lápá tí ò lẹ́sẹ̀ ń nà wá, àwọn ọmọdé ti ń fi wá kọrin lójú títì, ó wá jẹ́ pé orí èmi aṣọ́lé nìkan ni gbogbo ẹ̀ ń já lé? Ta ló ṣòfin pé ẹni tó bá jẹ́ ká pàdánù ni yóò fọ jésì gbogbo ẹgbẹ́? Ẹ̀yin ni. Ta ló ń dájọ́ ẹ̀? Ẹ̀yin náà ni. Ta ló wá ń fọṣọ látìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ wo ọwọ́ mi! Ẹ wo bí ọṣẹ ṣe bó àtẹ́lẹwọ́ mi, ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń mú bọ́ọ̀lù o!

Torí n kì í sọ̀rọ̀ lẹ ṣe ń pè mí ní Ògiri, pé téèyàn bá bá ògiri sọ̀rọ̀, ògiri á kúkú dáhùn jù mí lọ. Ó dáa. Ògiri létí, tèmi tún lójú. Mo dákẹ́ ni, n ò yadi.

Ẹni tó ń fọṣọ èèyàn, kí ni ò ní rí? Ti Kúkúrú tó ń gbá àárín, ẹrẹ̀ dé ọrùn, ẹ̀jẹ̀ imú wà lápá ẹ̀. Tiyín ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró níwájú mi láti dínà? Kò sẹ́rẹ̀, kò sí òógùn lábíyá, ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì gún régé lápá ẹ̀. Lọ́jọ́ òjò o! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n jésì kì í danú délẹ̀, ẹ̀gbọ́n!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ta ló máa gba Ògiri gbọ́? N ò tiẹ̀ ní kẹ́nì kankan gbà mí gbọ́. Mi ò fọṣọ lọ́tẹ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe wà, tẹrẹ̀tẹrẹ̀, ni mo sá gbogbo wọn sórí okùn níwájú ọ́fíìsì kóòṣì, tiyín wà láàárín, funfun bíi lékeélékèé tó bà sáàárín ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀, kóòṣì ti dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn jésì yín.

Ẹ̀gbọ́n? Níbo lẹ ń lọ? Ẹ wọ bàtà ná! Yéè! Ẹ wá wo Balógun, ẹ wá wo eré! Gbogbo sáà yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí yín tẹ́ ẹ sáré nìyí!