Ìdágbére fún Àyànníyì, Olùṣọ́ Màríà Apọnmọ

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ìyá Táíyé, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àtàwọn ọmọ sí. Èmi Rùfáì tí mo dúró yìí, Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n gbogbo Ìsọlọ̀ ló mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ni katikísì Àyànníyì, olùkọ́ ìjọ Àgùdà, tó wà nínú pósí yìí. Ó dùn mí, ó dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: olóríkunkun ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn wa yìí, ilé alámọ̀ tí àwọn baba ìjọ mọ, ta ló ń yà wò ó? Àyànníyì nìkan ló ń gbá a, òun ló ń rẹ́ ògiri rẹ̀ bí òjò bá ti fọ̀ ọ́. Ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀: gbogbo àpọ́sítélì tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ ló dé fìlà, àfi Júdásì. Ẹ wo Màríà tí agbẹ́gilére ará Ọ̀yọ́ gbẹ́ síbẹ̀: ó wé gèlè, ó pọn Jésù, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra.

Ọ̀gá Ọládòṣù, alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ní ère òrìṣà nìyẹn. Wọ́n ní ká wó ilé náà, ká gbé Màríà funfun wá láti òkè òkun. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Owó epo dé, sìmẹ́ǹtì kún èbúté, kò sóhun téèyàn ò lè wó mọ́. Àyànníyì dìde láàárín ìjọ: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tó ń sá fún Hẹ́rọ́dù lọ sí Íjíbítì, ṣé kò ní pọn ọmọ ni?” Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ o. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bó bá jẹ́ òrìṣà ni, kí ló dé tí òyìnbó kan ń wá yà á ní fọ́tò léraléra, tí Ọ̀gá ń tẹ̀lé e kiri? Lónìí tí à ń ṣọ́ òkú, píkọ́ọ̀pù fẹ̀yìn rìn wọlé, ó kọ̀dí sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi dírẹ́bà, ó ní àga làwọn fẹ́ kó. Àga wo? Gbogbo àga ṣọ́ọ̀ṣì lẹ jókòó lé yìí! Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan ejò nínú.

Ẹ jókòó, Ọ̀gá Ọládòṣù, mi ò tíì parí. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wò yíká. Àwọn ìyá ìjọ dà? Wàsílátù ìyàwó mi dà? Wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tẹ́ ẹní yí Màríà ká, wọ́n pọn ọmọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ òkú tiwọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Màríà lọ tà fún òyìnbó, kó lọ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ wọn.

Àyànníyì, ọ̀rẹ́ mi, máa lọ. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Má wẹ̀yìn o, àwa wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí o fẹnu bẹ̀ wá títí ká yà wò, ó kún lónìí, kò sáyè ẹsẹ̀.