Ọjọ́ tí Àlàájì Sá Wọ Òkun ní Jẹ́dà

Ara mi ṣì le nígbà náà, mi ò tíì máa di ògiri mú kí n tó dìde. Súmáyà, jókòó. O ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ gbafẹ́ létí òkun Jẹ́dà. Táyíbù, ó dáa, mi ò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí èmi àti Àlàájì, bàbá bàbá yín, ṣe kọ́kọ́ gbafẹ́ nílẹ̀ yìí.

Kákíyà ní Mẹ́kà níbí náà là ń gbé, nínú yàrá kan tí kò tó ilé ìdáná yìí. A wá ṣe ọmúrà sí Mẹ́kà, a ò padà. A fi Ràfíù bàbá yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi nílé. Àlàájì ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan, èmi ń dirun fún àwọn ìyàwó dókítà ní Rúséfà. Ìwé ńkọ́? Ìkámà tí gbogbo yín fi sínú fóònù lónìí, a ò ní in. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn gbé ìlú fún ọdún mẹ́fà láìní ìwé ìgbélùú? Tí a bá rí ọlọ́pàá níwájú, a yà sí kọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wà… a ò ní wo ẹ̀yìn rárá. Kò sí kọ̀rọ̀ tí Àlàájì ò mọ̀ ní Kákíyà. Ibi iṣẹ́, mọ́sálásí, ilé. Ó parí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń dirun fún ni Àlàájà Kúdírá, ìyàwó Dókítà Lásísì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ìwé wọn sì pé. Lọ́jọ́ kan, irun wọn wà lọ́wọ́ mi, mo ní mi ò rí òkun rí láyé mi. Wọ́n yíjú sí mi lójijì, ìlarun fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ wọ́n létí.

"Ọdún mẹ́fà? Jẹ́dà tí kò ju wákàtí kan lọ?"

Mo ní, "Àlàájà, ẹ̀rù ni."

Wọ́n ní, "Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ múra de Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ Dókítà la máa gbé."

Nígbà tí mo sọ fún Àlàájì, ó ní kí n tún un sọ. Ọkọ mi ni, mo lè pè é ní "ó", ẹ̀yin ẹ má dán an wò. Ó ní, "Ìyá Ràfíù, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Mo ní ìgbádùn ni. Ó ní, "Ta ló ń gbádùn láìní ìwé?" Àmọ́ láti Ọjọ́rú ló ti lọ jálàmíà funfun rẹ̀. Ó lọ ọ́ tán, ó tún un lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Omi náà lọ, ó lọ, ojú mi ò rí ibi tó parí sí. A kírun, a tẹ́ ẹní. Àwọn èèyàn ń mu tíì, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Dókítà àti ìyàwó wọn ní àwọn fẹ́ lọ ra ẹja díndín lódìkejì títì, ká dúró ti ẹní.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Àlàájì sọ fún mi jẹ́ẹ́ pé, "Má wo ẹ̀yìn."

Mo wo ẹ̀yìn. Ọlọ́pàá kan ń bọ̀, tààrà sọ́dọ̀ wa.

Ẹ gbọ́, kò sí kọ̀rọ̀ létí òkun. Títì ló wà lẹ́yìn wa, omi ló wà níwájú. Àlàájì dìde, ó ká jálàmíà rẹ̀ sókè, ó rọra wọ inú omi bí ẹni tó fẹ́ fọ ẹsẹ̀. Ọlọ́pàá ní, "Yáà háàjì." Àlàájì wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Ọlọ́pàá juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Àlàájì wọ̀ ọ́ dé ìbàdí.

Ọlọ́pàá yíjú sí mi, ó bi mí, mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà, pé ṣé Àlàájì mọ omi í wẹ̀. Lárúbáwá tí mo gbọ́ nígbà náà, ti orí àti irun ni. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni "mabsúùtì". Ìyẹn ni pé inú rẹ̀ dùn. Ọlọ́pàá wo Àlàájì, fìlà rẹ̀ ti ń léfòó lọ. Ó tún wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà.

Bí Àlàájì ṣe rí ọlọ́pàá tó ń bọ́ bàtà, ó kọrí sí Sùdáánì lódìkejì òkun. Ibi tí omi ti jìn ni ó tẹ̀… mi ò rí orí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín lẹ ń rín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti di opó lórí ẹní ẹlẹ́ní.

Ọlọ́pàá yẹn bẹ́ sómi tòun ti aṣọ iṣẹ́, ó fi ọrùn jálàmíà wọ́ ọ jáde. Àlàájì wúkọ́ títí. Nígbà tó mí tán, ó na ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú kí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i. Ọlọ́pàá wo ọwọ́ náà, ó gba ọ̀kan, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó wá nawọ́ sókè títì, Àlàájì ló túmọ̀ ohun tó sọ fún mi.

"Ọkọ̀ funfun yẹn, ṣé tiyín ni? Iná iwájú rẹ̀ ń tàn látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Bátìrì yín máa kú."

Nǹkan tó tìtorí ẹ̀ ń bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Dókítà àti ìyàwó wọn gbé ẹja dé, bátìrì ti kú. Dókítà jókòó sídìí ọkọ̀, ọlọ́pàá dúró lápá ọ̀tún, Àlàájì lápá òsì, omi ń ro lára àwọn méjèèjì, wọ́n jọ ń ti ọkọ̀. Ọkùnrin tó ti ń sá fún ọlọ́pàá láti ọdún mẹ́fà. Ọkọ̀ jí. Lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ọlọ́pàá mìíràn tó ń yẹ ìwé wò gba ti Dókítà, ó wo Àlàájì tó tutù rinrin, ó ní ká máa lọ. A rìn jìnnà díẹ̀, Àlàájì ní, "Ẹja náà dà?" Ẹ̀rín wa le débi pé Dókítà ní láti páàkì.

Ó pẹ́ kí ọ̀gá ilé ìfọṣọ tó dúró fún wa, a rí ìkámà gbà. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì ní ká wọ bọ́ọ̀sì, Jẹ́dà ló yá. Ó fi ìwé sápò àyà. A jókòó síbi ọjọ́sí láti àsárì títí dé ìṣáì. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló kọjá. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, Àlàájì á tún ìjókòó ṣe, á fa ìwé náà yọ díẹ̀. Wọ́n á kọjá. Nígbà tí a ń padà, ó fajú ro. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ìyá Ràfíù, ẹnì kankan ò bi mí."

Ọlọ́hun á ṣàánú rẹ̀… Lónìí, ẹ̀yin á ra ẹja, ẹ ó máa ya fọ́tò ẹja títí á fi tutù. Súmáyà, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, jẹ ẹja náà ní gbígbóná. Kí o sì jókòó pẹ́.