Ọwọ́ Mi Ló Yí Aago Iná Lésà

Ẹ gba àwo ẹ̀yẹ yín, n ò gbà á. Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi rèé. Dókítà ti ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́ láyé, kí n palẹ̀ ilé mi mọ́, kí ni mo tún ń fi pamọ́? Olórí ẹ̀ka, ẹ fi mí lápá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn yín náà.

Ní láàbù wa, a máa ń mú átọ́mù tutù títí wọn ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, a ó wá máa fi iná lésà tì wọ́n léraléra. Ẹni tó ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí mọ̀ ọ́n: tí ọwọ́ bá bọ́ sásìkò, ọmọ á máa ròkè sí i. Tí àsìkò bá yẹ̀ díẹ̀, pabo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin tí à ń pè ní Oníbéèrè, ló rí àsìkò kan tí gbogbo átọ́mù náà gbà dìde. "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó!" Inú mi ò dùn, torí èmi ni mo ti sọ fáráyé pé kò lè ṣeé ṣe.

Òfin wa ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan, kó kígbe ohun tó fọwọ́ kàn. Èmi ni mo ṣòfin náà! Láàárọ̀ tí àwọn olùdánwò ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ ọmọ náà wò, mo yí aago tó ń darí àsìkò iná lésà náà díẹ̀, mo sì dákẹ́. Olórí ẹ̀ka rí mi. Ó ní, "Prọ́f, n ò rí nǹkan kan o." Ẹ wò ó, ó ń wolẹ̀!

Pabo ni lójú àwọn olùdánwò. Ọmọ náà tún un ṣe títí òógùn fi bò ó. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fọwọ́ kan nǹkan ni?" Mo ní, "Ṣé o gbọ́ tí mo kígbe?" Olóríburúkú ni mí! Wọ́n lé e bí òpùrọ́. Nígbà tó yá, mo dá aago padà, mo kọ orúkọ ara mi sí iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ pè mí lónìí.

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni? Mo ti gbà pé orí mi ló dàrú. N ò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́ látọjọ́ yẹn."

Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ọ̀gá yín bá dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti kígbe, ẹ bá a kígbe. Oníbéèrè, dárí jì mí, ọmọ mi. Ohun tí o rí, o rí i.