"A Dúpẹ́" Tí Wọ́n Fi Gé Oògùn Bàbá Adéwùnmí Kù

Ẹ má tíì pa fóònù yẹn, Nọ́ọ̀sì Ìmísí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, inú mi ti kún dé ọ̀nà ọ̀fun. Èmi Ìyá Adéwùnmí ni, láti ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Ta ló sọ fún dọ́kítà yín pé ara ọkọ mi ti yá? Ta ló ní kó gé mọ́fíìnì, oògùn ìrora ẹ̀, sí ìdajì?

Ẹ ní bàbá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀? Háà. Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ Yorùbá ni Dọ́kítà Jùwọ́nlọ yìí, àbí ẹ yá a ni?

Kòrónà dé, ìjọba ní kónílé ó gbélé, ẹ̀yin náà ní ká má gbé aláìsàn wá mọ́, pé inú fóònù lẹ ó ti máa wò ó. A gbà. Mo ṣebí ìrora lẹ fẹ́ wò, mi ò mọ̀ pé bàbá yìí máa ní kí n bá òun wá fìlà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi orí lásán kí dọ́kítà. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun ẹ̀yìn ẹ̀, tó rákòrò dé ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló wọ bùbá, tó jókòó gbọnrangandan bí ẹni fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Dọ́kítà yọjú, ó ní, "Dádì, ṣé dáadáa ni?" Bàbá fẹyín sí i, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?" Ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.

Àyẹ̀wò parí nìyẹn o.

Ìyá wo ló tọ́ Jùwọ́nlọ gan-an? Ẹni tí ilé ẹ̀ jó lánàá, bí ẹ bá kí i láàárọ̀ yìí, a dúpẹ́ náà ni yóò sọ. Ìkíni ni, kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Látìgbà tí oògùn ti dín kù, bàbá ti fi eyín ya aṣọ ìbùsùn, wọn ò sì jẹ́ ké, nítorí kí ará ilé má baà gbọ́. Èmi ni mò ń bá wọn sunkún. Ó ń dùn mí wọra.

Rárá, mi ò ní dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ dá oògùn ọkọ mi padà bó ṣe wà. Dọ́kítà wà nítòsí? Ẹ gbé fóònù fún un. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni màá sọ, kò sí ìkíni kankan lẹ́nu mi lónìí.

Hẹ̀lóò? Ẹ káàsán, dọ́kítà. Dáadáa ni o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọl—

Yéè, mo gbé. Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀ o.